Abẹ́rẹ́ Sájẹ́ńtì àti Orí Fífọ́ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi ọmọ yín tí ń bẹ ní Ṣókótó ni mo kọ ìwé yìí. Ara mi le, ilé mi tòrò, ọjà ń tà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé ìyà ni ó ń jẹ mí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹni tó ti kú. Ìyà kọ́. Inú ni ó ń bí mi. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bínú sí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí nígbà tí ẹ wà láyé kò sí ẹni tó lè wò yín lójú kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Èmi sì ni olórí àwọn tí kò lè sọ ọ́.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà á gbọ́. Oko ni ẹ mú mi lọ, ẹ kò mú mi dé ilé-ìwé. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di kálàmù mú. Tíṣà ará Ìjẹ̀bú kan tí ìjọba gbé wá síbí ni ó kọ́ mi ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ kéékèèké ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú fèrèsé, mo ń kọ a, b, d lọ. Lónìí, àwọn tí ìwé wọn ju tèmi lọ ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ fojú fò ó. Ẹ̀yin kò lè kọ èyí tó tọ̀nà.

Ẹ bèèrè mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Kófà Kwárè. Àtẹ wòsìwósì kan ṣoṣo ni mo gbé dé ìlú yìí: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, bọ́tìnnì. Rélùwéè já mi sí Kàúrà níbi tí ó pin sí, ẹsẹ̀ ni mo fi rin ìyókù, pẹ̀lú àtẹ lórí. Ìsọ̀ méjì ni mo ní báyìí, ilé mi sì jẹ́ ilé páànù. Mài-Àlúrà ni àwọn Haúsá ń pè mí, ìyẹn onábẹ́rẹ́. Agbádá tí àwọn ìjòyè ìlú yìí ń wọ̀ gẹṣin lọ́jọ́ ọdún, ní ìsọ̀ mi ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an ti wá. Wọ́n tún ń pè mí ní Àlájì. N kò tíì dé Mẹ́kà. N kì í bá wọn jiyàn.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí nìyí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, túúlu bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Ó ti máa ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ru ẹrù kiri kì í ráyè orí fífọ́. Èyí tó dé yìí lágbára jù mí lọ. Yóò kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fi dígí tan oòrùn sí mi lójú òsì. Ohun tí mo bá ń wò yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kò ní pẹ́, ẹ̀gbẹ́ orí kan ṣoṣo, ti òsì, yóò máa lù bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. Èébì yóò tẹ̀lé e. Èmi tí mo máa ń ṣí ìsọ̀ kí oòrùn tó yọ, mo wá ń sùn sórí ilẹ̀ lásán nínú yàrá, ilẹ̀kùn títì, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì nítorí pé ó tutù. Bí ọmọ-ọmọ mi bá rẹ́rìn-ín ní àgbàlá, ńṣe ni yóò dà bíi pé wọ́n sọ òkò lù mí.

Mo wá ìwòsàn títí. Wànsámì, onígbàjámọ̀ àwọn Haúsá, fi ìwo màlúù fa ẹ̀jẹ̀ ní ìpàkọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọsibítù fún mi ní oògùn funfun kan tó ń mú mi sùn, tí kò mú orí sùn. Ìyàwó mi ní kí n lọ bá àfáà, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kan nínú ilé ló wà nídìí ẹ̀. Mo wo obìnrin náà, mo ní kò gbọdọ̀ tún sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé mi títí n ó fi kú. Ó bú sẹ́kún. N kò mọ ìdí tí ohùn mi fi le tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n báyìí.

Télọ̀ kan tó jẹ́ oníbàárà mi ni ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Sájẹ́ńtì. Ará Ìlọrin ni Sájẹ́ńtì. Ó ja ogun Bọ́mà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń tiro láti ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń tún ṣe ní ọ̀nà Gáwọn Námà. Nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn ń jinná ní ọsibítù àwọn sójà ní Índíà, ará Ṣáínà kan wà níbẹ̀ tó ń fi abẹ́rẹ́ wo àwọn tí ara ń ro. Kì í fi abẹ́rẹ́ náà fún ènìyàn ní oògùn kankan. Abẹ́rẹ́ lásán ni, yóò gún un sí ara, yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀, yóò sì yọ ọ́ tó bá yá. Sájẹ́ńtì ń bá a sè wọ́n, ó ń bá a dì wọ́n mú, títí ó fi kọ́ ọ. Nígbà tó dé ilé, àwọn wànsámì fi ṣe ẹlẹ́yà, ó bá gbájú mọ́ kẹ̀kẹ́. Àwọn tí ara ń ro gan-an ló ń wá a lọ.

Nígbà tí mo gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀rín pa mí. Ta ló mọ abẹ́rẹ́ jù mí lọ? Mo mú páálí tó dára jù nínú ìsọ̀ mi, ti Òyìnbó, èyí tí kì í dógùn-ún, mo gbé e lọ fún un.

Ó ṣí i. Ó wò ó, ó wo ojú mi.

“Àlájì, agbádá ni ẹ fẹ́ kí n rán sí yín lórí ni?”

“Kò sí èyí tó dára tó o ní gbogbo Ṣókótó.”

“Ẹ kó o padà fún àwọn télọ̀ yín. Awọ ènìyàn kì í ṣe aṣọ.”

Tirẹ̀ wà nínú agolo sìgá. Bàbá, èmi tí mo ti ń ta abẹ́rẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Kò ní ihò. Ó sè wọ́n nínú ìkòkò kékeré kan lórí iná, ó ní kí n dùbúlẹ̀ lórí ẹní lẹ́yìn àwọn kẹ̀kẹ́ tó dojú dé. Ó gún ọ̀kan sí àárín àtàǹpàkò mi àti ìka tó tẹ̀lé e. Kò dùn mí bí mo ṣe rò. Ó kàn wúwo, bí ẹni pé ọwọ́ náà fẹ́ sùn. Lẹ́yìn náà ó sún sí ẹsẹ̀ mi.

“Sájẹ́ńtì, orí ló ń dùn mí o.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹsẹ̀ lo wà yẹn.”

“Àlájì, tí òrùlé bá ń jóná, ṣé orí òrùlé ni ẹ ti máa ń pọn omi?”

Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn pa mí lẹ́nu mọ́.

Kí ó tó dé ojú mi ni ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó bi mí pé òórùn wo ni imú mi máa ń gbọ́ kí orí náà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò sí. Ó ní kí n rò ó. Mo rò ó, mo rí i: lọ́fíńdà. Láti ọdún mẹ́ta yẹn ni mo ti ń ta lọ́fíńdà ní ìsọ̀ kejì. Ẹ̀yìn orí mi gan-an ni mo to àwọn ìgò náà sí, oòrùn ọ̀sán ń sè wọ́n níbẹ̀, èmi sì ń fà á símú láti òwúrọ̀ di alẹ́, mo ń yangàn pé ìsọ̀ mi ló ń ta sánsán jù lọ́jà.

“Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀,” Sájẹ́ńtì ní. “Ta ni orí fífọ́ yìí ń mú nínú ilé yín ṣáájú yín?”

“Kò sí.”

“Bàbá yín ńkọ́?”

“Mo ní kò sí.”

“Ó dáa. Ọ̀gá mi kì í fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni láì bèèrè bàbá àti ìyá ẹ̀. Ó ní nǹkan yìí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà rìn, láti orí òbí sí orí ọmọ. Òórùn lè jí i, oòrùn lè jí i, ebi lè jí i. Kò sí ẹni tó ń fi ṣe ẹnì kan. Ẹ má mira.”

Ó gún mi ní ẹ̀bátí, ó gún mi lókè ojú. N kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, n kò lè mi orí, n kò lè dìde jáde bí mo ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ kò bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ni mo wá ń rí.

Mo rí yín tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń ṣe, ẹ ó fi ojú kan ṣoṣo wo ayé bí ẹni ń yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo rí i bí ẹ ṣe máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bátí yín títí èékánná á fi funfun. Bí ẹ ṣe máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ògiri alámọ̀ ní ibi tí oòrùn kì í dé. Mo ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì fún ọdún mẹ́ta, n kò rántí yín lẹ́ẹ̀kan. Irú ọmọ wo nìyí? Tàbí mo rántí, tí mo sì tì í lulẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn àdí. Kò sí àdí nílé Sájẹ́ńtì, gíríìsì kẹ̀kẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Orí mi ni mo ti gbọ́ ọ. Mo wá mọ ohun tí ẹ ṣe fún ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, kí àwọn tí a bí lẹ́yìn náà lè mọ̀. Onídìrí ni ìyá mi. Kò sí ọwọ́ bíi tiwọn ní àdúgbò wa. Bí ọjà bá ku ọjọ́ méjì, àwọn obìnrin á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá mi, ìyá mi á da àdí dúdú sí àárín orí wọn, wọ́n á fi ìlàrí là á, wọ́n á máa dì í. Òórùn àdí á gba gbogbo ilé títí dé yàrá yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, orí yín á bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i. Mo gbà fún yín pé ẹ kíyè sí i dáadáa. Ọjọ́ tí ìyá mi bá dirí ni orí máa ń fọ́ yín. Òótọ́ ni. Ibi tí ẹ gbé òótọ́ náà lọ ni mo ń bá yín jà sí.

Ẹ lọ bá àfáà. Àfáà ní ẹnì kan nínú ilé ló ń so orí yín. Ó tán. Kò sí ẹni tó bi í léèrè pé báwo ni ó ṣe mọ̀. Ẹ pe àwọn ará ilé jọ lọ́sàn-án gangan, ẹ ní bí ìyá mi bá ti ń fa irun àwọn obìnrin, orí yín ni wọ́n ń fà, wọ́n ń fi irun tó já sílẹ̀ ṣe é. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìyá mi kì í fi irun tó já sílẹ̀, pé wọ́n máa ń ṣà á, wọ́n á dì í, wọ́n á kó o fún ẹni tó ni ín. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ìyá mi wò yín.

“Ṣé orí yín ni mo ń dì ni?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí yín nínú jù. Ẹ lé ìyá mi jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ sì búra pé ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ tẹ ilé náà mọ́, bí ẹ wà láyé, bí ẹ kú.

Ẹ mọ ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn? Kì í ṣe ilé nìkan. Ta ni yóò gbé orí rẹ̀ fún onídìrí tí ọkọ rẹ̀ ní ó ń so orí ènìyàn? Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìrẹsà, ìlú wọn, kí àwọn fúnra wọn tó dé ibẹ̀. Wọn kò dirí ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ pé èso èmí ni wọ́n ń ṣà kiri inú igbó tí wọ́n fi ń ṣe òrí tà. Nígbà tí mo gbéyàwó, ilé yín ni wọ́n ti ṣe é. Ilé aládùúgbò ni ìyá mi jókòó sí, wọ́n ń fetí gbọ́ orin ìgbéyàwó ọmọ wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ ti kú nígbà náà. Èmi ni mo pa àṣẹ yín mọ́. Mo ń pè é ní ìgbọràn.

Gbogbo èyí, mo lè fi jì yín. Ẹ kò mọ̀, àfáà tàn yín, orí sì ń fọ́ yín. Mo ti mọ ohun tí orí yẹn ń ṣe fún ènìyàn. Ó lè mú kí ènìyàn gba ohunkóhun gbọ́.

Ohun tí n kò lè fi jì yín ni pé orí yín kò yéé fọ́ lẹ́yìn tí ìyá mi lọ.

Kò tó oṣù kan, ó padà dé. Kò sí àdí nílé mọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni, èéfín igbó jíjó ni ó mú un wá, mo rò bẹ́ẹ̀ báyìí. Nígbà ààwẹ̀, ó tún dé. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ pè mí wọlé, èmi nìkan. Ẹ ní kí n lọ bu omi nínú àmù, kí n ki aṣọ bọ̀ ọ́, kí n máa fi lé yín lórí. Nígbà tí mo ń jáde, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí ń fọ́ yín, ẹ kì í ṣe bàbá mi mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ti pàdánù ìyá, ẹ sì ń fi bàbá dẹ́rù bà mí.

Mo gbé omi náà fún ọdún mọ́kànlá. Bí àwọn ará ilé bá bèèrè yín, mo ní ẹ ń kírun, mo ní ẹ ń sùn. Wọ́n ń yìn yín pé láti ìgbà tí ẹ ti lé obìnrin yẹn, ara yín ti le. Wọ́n ń fi yín ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ń gbọ́ ọ. Ẹ jókòó láàárín wọn, ẹ ń mi orí tí ó fọ́ ní àná.

Ṣé ẹ kò rò ó rí ni, Bàbá? Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí omi tútù bá wà lórí yín, tí èmi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ṣé ẹ kò wí lọ́kàn yín pé, bí kì í bá ṣe obìnrin yìí ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ rò ó. Ọlọgbọ́n ni yín. Ẹ mọ̀, ojú ló tì yín láti pè wọ́n padà. Ìwọ̀sí ọjọ́ kan tí ẹ bẹ̀rù, ìyá mi fi gbogbo ayé wọn jẹ ẹ́.

Ẹ wo bí mo ṣe ń fi gègé gún ìwé. Ó ti ya níbì kan.

Mo gba abẹ́rẹ́ Sájẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo kó lọ́fíńdà dànù kúrò nínú ìsọ̀. Orí tó ń mú mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wá ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Kò tán pátápátá, n kò ní purọ́ fún yín. Bí ẹ bá wà láyé, ẹ̀yìn mi ni ǹ bá fi gbé yín wá bá ọkùnrin náà, láti ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ṣókótó. Mo ń bínú sí yín, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ro ìrora tí ẹ jẹ nínú yàrá yẹn láìsí ẹni tó mọ̀ ju ọmọ kékeré kan lọ. Ọ̀kan kò jẹ́ kí n gbádùn èkejì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìrẹsà. Mo ra aṣọ, mo ra bàtà, mo ra bùláńkẹ́ẹ̀tì, gbogbo ará ìlú jáde wo ẹrù tí wọ́n ń sọ̀ fún mi. Mo bá ìyá mi lórí àpótí, wọ́n ń fẹ́ èso èmí lórí atẹ. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó jẹrà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: Sájẹ́ńtì, lọ́fíńdà, àdí, ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé wọ́n á sunkún. Wọ́n kàn ń ṣà èso lọ.

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, Ìyá?”

“Ta ni o rò pé kò mọ̀? Ṣé èmi kọ́ ni mo ni ọwọ́ mi ni?”

Mo wá sọ ti omi. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyàwó mi. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn dúró.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà yẹn?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Nígbà tí bàbá rẹ kú ńkọ́?”

“Ogún, Ìyá.”

“Ní àná ńkọ́?”

Èmi tí ẹnu mi gba owó lọ́wọ́ Haúsá, Lárúbáwá àti Òyìnbó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣà èso.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a máa lọ sí Ṣókótó, kí wọ́n wá wo ilé páànù, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi máa fọ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe láàárín Gàmbàrí. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ mú àwọn lọ síbì kan, ibi tí wọ́n ti lé àwọn jáde ni kí n mú àwọn lọ, lọ́sàn-án, lójú àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún yín. Mo ní ẹ ti kú. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ẹ ti kú, àwọn kò dití. Mo ní n ó bẹ àfáà kan kí ó bá mi ṣàlàyé fún ẹbí.

“Àfáà ti sọ tirẹ̀. Ìwọ lo gbé omi. Ìwọ ni kí o sọ ọ́.”

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. N kì í ṣe ẹni tó lè dúró láàárín ènìyàn kí n sọ irú èyí láì mú ìwé dání. Inú á bí mi, n ó gbàgbé, tàbí n ó bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín tó ń ṣe olórí ilé báyìí, ti gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé a kì í bá òkú ṣẹjọ́, pé kí n má tú ìdí bàbá mi síta lójú àwọn ọmọ tí a bí ní àná. Mo dá ìránṣẹ́ náà padà. Mo ní kí ó bá mi wí fún Bàbá Kékeré pé wọ́n wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ẹ lé ìyá mi. Mo ní èmi ni mo fi páànù bo ilé tí wọ́n ń gbé, n kò sì ní wọ inú rẹ̀ mọ́ bí ìyá mi kò bá lè wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà le, mo mọ̀. Wọ́n ti gbà.

Ní Jímọ́ọ̀ tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, gbogbo ilé yóò jókòó yí sàréè yín ká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. N ó ka ìwé yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò ní fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo ti ń bú yín, títí kan ibi tí mo ti bú ara mi. Kí gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ìyá mi kò so orí ẹnikẹ́ni. Túúlu ni. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti gbà á, mo sì ti rí àmì rẹ̀ lára ọmọbìnrin mi àgbà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pe ọkọ rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ní olóògùn nítorí rẹ̀ nínú ẹbí wa, èmi ni yóò bá sọ̀rọ̀.

Ìyá mi yóò jókòó síta, ní ibi tí wọ́n á ti lè gbọ́ ohùn mi. Mo bi wọ́n pé tí mo bá kà á tán, ṣé wọ́n á wọlé? Wọ́n ní àwọn á gbọ́ ọ ná.

Ọmọ yín ni mí, mo fẹ́ràn yín, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn yín sí ibi tó tutù.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín ní Ṣókótó